Ìlà Pupa Tó Jẹ́ Tèmi

Bí ẹ bá dé Dimyat ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí ẹ ń wá Ibtihal ní ọgbà iṣẹ́ Àlájì Mutawalli, níbi tá a ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga ìyàwó, ẹ má wá a nídìí fóònù mọ́. Èmi lẹ máa bá níbẹ̀, èmi tí mò ń rán tìmùtìmù àga. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó fi iyọ̀ sí i.

Ọdún mẹ́ta ni Ibtihal fi ń gbé fóònù. Ìyá ìyàwó á pè pé, "Bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ńkọ́?" Òun á ní ó kù díẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ó kù díẹ̀, torí kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ ibi tí iṣẹ́ ẹnì kejì dé. Irọ́ náà sú u. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ó sì lọ bá Àlájì pé òun lè ṣe èyí tó máa fi ibi tí iṣẹ́ kálukú dé hàn.

Àlájì ní, "Ọmọ mi, gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Bó bá ṣiṣẹ́, ìwọ ni wàá máa darí iṣẹ́. Bí ò bá ṣiṣẹ́, fóònù ń dúró dè ẹ́."

Ibtihal kọ orúkọ wa, iṣẹ́ wa, ọjọ́ tá a máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tá a máa parí sínú àtẹ. Ó wá so àtẹ mọ́ àwòrán, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi di ìlà gbọọrọ. Bí o bá yí ọjọ́ padà nínú àtẹ, ìlà á gùn tàbí kó kúrú fúnra ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, a gbé tíì lọ́wọ́, a pé yí i ká. Ẹrù ìyàwó tó máa jáde lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ló ṣí. Àlájì wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, o ti fi fáníìṣì kun bẹ́ẹ̀dì kó o tó gé pákó?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó padà sídìí fóònù ẹ̀, ó ti ń dún."

Ojú ti ọmọ náà, omi lé sí i lójú. Ó tún àwòrán wò, ó wá rọra sọ pé, "Ẹ dákun, Àlájì. Apá ọ̀tún lẹ ti ń kà á wá, apá òsì ni kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀. Mo yí ọ̀rọ̀ padà sí Lárúbáwá tiwa, mo gbàgbé àwòrán."

Òótọ́ ni. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà, apá òsì ni wọ́n ti ń kàwé, Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣe wọ́n.

Ó yí i. Gígé pákó bọ́ sí ọ̀tún, gbígbẹ́ ọnà tẹ̀ lé e, fáníìṣì tẹ̀ lé ìyẹn. Níkẹyìn, ìlà pupa kan kọjá Ọjọ́bọ̀, ó dé Àbámẹ́ta. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

Àlájì yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Nesma."

"Kọ̀ǹpútà yẹn ń purọ́."

"Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

Mo mu tíì.

Ibtihal ní, "Bàbá Nesma, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹnu yín sọ fún mi ni mo kọ. Ẹ wá fọwọ́ ara yín yí i."

Mo tẹ Ọjọ́rú. Ìlà sá wọlé bí orí ahun, ó di àwọ̀ ewé. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀. Mo tẹ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún kúrú sí i. Mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àlájì ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀la ni, gbogbo wa ti rí i."

Abẹ́rẹ́ gún mi níka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pèrun ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àga kẹfà ti dúró. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ẹrù ìyàwó jáde, àwọn obìnrin ń hó ìhó ayọ̀ tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún. Ibtihal nawọ́ sí i. Àlájì gbà á, ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó ní Ibtihal ló ń darí iṣẹ́ báyìí.

"Bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ńkọ́?" ìyá ìyàwó kan ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo ti lanu láti sọ pé ó kù díẹ̀. Ibtihal yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Màmá, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá."