Ọjọ́ Tí A Jókòó fún Bọ̀dá Amos ní Woolwich

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní ìgbà òtútù kan tí iṣẹ́ wọ́n débi pé ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá kì í tètè sọ fún aládùúgbò, kí wọ́n má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti ṣe tíṣà fún ọdún méjìlá nílé kí n tó dé London. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Thamesmead ti ilẹ̀kùn, èmi náà sì di ẹni tí ń lọ sáìn ní Woolwich.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí à ń pè ní sáìn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wàá lọ fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba pé o kò níṣẹ́ lọ́wọ́, pé o ń wá iṣẹ́, àti pé bí iṣẹ́ bá yọ lónìí, o lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bí o bá ti fọwọ́ sí i, gírò, ìyẹn ìwé owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́, yóò gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Gbólóhùn kẹta yẹn, pé o lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ni ó dá gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ ọ́ pé a fọ́ gíláàsì ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Rárá o. A kò fọ́ ohunkóhun. A jókòó ni.

A ní ẹgbẹ́ kékeré kan nígbà náà, àwa aláìníṣẹ́, dúdú àti funfun. Gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Birchmere Park ni a ti ń pàdé. Pat, ará Ireland kan tí iléeṣẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé, ni alága wa; èmi ni akọ̀wé. Ohun kan ṣoṣo ni à ń jà fún ní ọ́fíìsì yẹn: kí ènìyàn lè mú ẹnì kan dání wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tí ó bá dá wọlé, ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ sílẹ̀ ni yóò di òótọ́, ì báà jẹ́ pé ìbéèrè náà kò yé onítọ̀hún rárá. Máníjà ibẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n bá pè nìkan ni yóò wọlé.

Èmi ni mo gba iṣẹ́ àtikọ́ àwọn ènìyàn wa ní ètò. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìkọ̀wé kan, bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ní, "Ohun tí ẹ ṣe lójoojúmọ́ ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ibi tí ẹ lọ, ẹni tí ẹ bá pàdé. Kí ẹ sì wá ẹlẹ́rìí kan tí yóò máa fọwọ́ sí i." Mo gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá ní àkọsílẹ̀ tí ó mọ́ kò ní bẹ̀rù ìbéèrè ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì mọ̀ pé ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé lè pinnu ohun tí a óò kọ sínú rẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ náà tọkàntọkàn bí Bọ̀dá Amos. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, síbẹ̀ "ẹ" ni ó máa ń pè mí nítorí pé mo jẹ́ tíṣà. Ó ti fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó dá a dúró. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bímọ, ń gbé ní Barnfield Estate. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ funfun, àgbà sì ni láàárín wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ kò yọ, Bàbá Wòlíì, olórí ìjọ wọn, ríran sí i pé kí ó wọ inú ìjọ lọ fún ọjọ́ méje, kí ó gbààwẹ̀, kí ó máa sùn lórí ẹní níwájú pẹpẹ, kí ó má sì jáde, kí Ọlọ́run lè ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún un. Ó wọlé ní Ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́ Ajé kejì, wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Òṣìṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀, obìnrin òyìnbó kan tí ń jẹ́ Janet, bi í pé kí ni ó ṣe láti wá iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bọ̀dá Amos fa ìwé tí mo fún un yọ. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ kan náà ni, pẹ̀lú ìkọ̀wé tí ó mọ́ rekete: "Mo wà nínú ìjọ. Mo ń gbààwẹ̀, mo ń gbàdúrà fún iṣẹ́." Ìfọwọ́sí Bàbá Wòlíì sì wà lábẹ́ ojú ewé méjèèje.

Lójú tirẹ̀, kò sí wíwá iṣẹ́ tí ó le ju ìyẹn lọ. Lójú òfin, ẹni tí ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé fún ọjọ́ méje kò sí nílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Wọ́n dá gírò rẹ̀ dúró. Nítorí pé ọ̀kan so mọ́ èkejì, ìrànlọ́wọ́ owó ilé rẹ̀ náà dúró. Kò pẹ́ tí ìwé fi dé pé bí nǹkan kò bá yí padà, kí wọ́n máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ó wá bá mi ní gbọ̀ngàn, ó gbé ìwé ìkọ̀wé náà lé orí tábìlì.

"Auntie Tíṣà, ẹ wo nǹkan tí ìwé yín ṣe fún mi."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ nínú ọkàn mi, mo sì rò pé mo ti lóye gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ó rí i pé mi ò lóye rẹ̀.

Wọ́n gbà láti tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní Ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá pàdánù lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn. Pat lu tábìlì.

"A ó gba ọ́fíìsì náà ni! A ó gun orí káńtà!"

"Pat, a ò ní gun nǹkan kan," ni mo wí. "Gbogbo wa là ń sáìn níbẹ̀. Kí kálukú mú nọ́ńbà, kí ó jókòó, kí ó ní ìbéèrè tirẹ̀ tí ó fẹ́ bi wọ́n."

Bàbá Wòlíì náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, takisí ni ó ń wà. Ó dìde. "Èmi ni mo rán an wọlé. Èmi náà ni n ó mú un jáde." Ó ṣèlérí pé àwọn ọmọ ìjọ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́ yóò bá wa lọ.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, a pàdé níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal ní àárọ̀ kùtù, a sì jọ rìn lọ. Afẹ́fẹ́ odò ń gé wa létí bí abẹ. A tó ogójì. Àwọn ọmọ ìjọ wọ kóòtù lé aṣọ funfun wọn, etí aṣọ náà sì ń yọ nísàlẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò wá títí.

"Ṣé ẹgbẹ́ akọrin ni yín ni?"

Nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn aláṣọ funfun dá a lóhùn pé, "Bí ẹ bá dá wa dúró pẹ́, a lè kọrin o."

A mú nọ́ńbà, a jókòó. Àga tán; àwọn tó kù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Bọ̀dá Amos, ó dìde, èmi àti Bàbá Wòlíì dìde pẹ̀lú rẹ̀. Máníjà jáde wá.

"Òun nìkan."

"Mi ò ní dá wọlé, sir," ni Bọ̀dá Amos wí.

"Bí o kò bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n ó kọ ọ́ pé o kò wá."

Mo wo aago ara ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, ẹ kò lè mọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti gùn tó nígbà tí ilé ẹlòmíràn bá rọ̀ mọ́ ọn. Ọlọ́pàá méjì wọlé. Ojú Pat ti pọ́n bí ata, ó ti ń gbé ẹsẹ̀ kan sórí àga.

"Pat, jókòó," ni mo wí, bí mo ti ń sọ fún ọmọ kíláàsì kẹta. Ó jókòó.

Ọlọ́pàá àgbà bèèrè pé ta ni olórí wa.

"Ọlọ́run," ni Bàbá Wòlíì dáhùn.

Pat fi ọwọ́ bojú. Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wo nọ́ńbà tí kálukú wa gbé sókè, ó yíjú sí máníjà: "Gbogbo wọn ló ní ìdí láti wà níbí, sir. Kí ni ẹ fẹ́ kí n mú wọn fún?" Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà àwọn tó fẹ́ sáìn ti kún dé ojú ọ̀nà, wọ́n ti ń pariwo. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí mẹ́wàá pé nígbà tí máníjà fi ọwọ́ júwe ilẹ̀kùn yàrá fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo rò pé a ti ṣẹ́gun.

Janet kò ní ìkà nínú. Ó ṣí fáìlì, ó sì béèrè ìbéèrè kan péré.

"Ká ní wọ́n pè é ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn pé iṣẹ́ wà, ṣé yóò jáde wá?"

Kí n tó lanu, Bàbá Wòlíì ti dáhùn, pẹ̀lú àyà gbígbé sókè. "Kò lè jáde láé. Ẹ̀jẹ́ ni. Ọmọ mi kò ní ba ẹ̀jẹ́ jẹ́."

Ó rò pé òun ń jẹ́rìí sí ìwà rere rẹ̀. Janet mú bírò. Mo wo Bọ̀dá Amos. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń fún ọwọ́ ara rẹ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìgbà yẹn ni ó wá sí mi lọ́kàn pé láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ohun tó wà nínú ìwé náà rí bẹ́ẹ̀.

Mo fi Yorùbá bi í. "Bọ̀dá Amos, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò jáde?"

Ó yíjú wo Bàbá Wòlíì.

"Bọ̀dá, ilé yín ni wọ́n fẹ́ gbà yẹn o. Ìyàwó yín ń kọ́?"

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Wòlíì lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá náà. Janet fò dìde. "Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ni Bọ̀dá Amos ń sọ láti ilẹ̀. "Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ẹ gbé èrò lọ sí pápákọ̀ òfurufú, mo bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo jáde. Wọ́n ní wọ́n ń gba ènìyàn síbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn kan. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ, mo kọ fọ́ọ̀mù. Mo padà kí ẹ tó dé. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Janet. Ó gbé tẹlifóònù. Ó ń dún lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e, ó ní kí wọ́n wá fọ́ọ̀mù náà, gbogbo wa sì dúró, Bọ̀dá Amos ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ó kọ orúkọ àti ọjọ́ kan sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni. "Ó ti tó," ni ó wí. "Owó rẹ̀ yóò padà."

Bàbá Wòlíì mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Ọjọ́ méje ni mo ní kí o ṣe, Amos. Mẹ́ta lo ṣe." Nígbà tí àwọn tó wà níta rọ́ yí i ká, gbogbo ohun tí ó sọ ni pé, "Wọ́n ti dá a láre." Pat bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn aláṣọ funfun kọrin, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti ṣèlérí.

Kí ni a jèrè? Gírò padà, Bọ̀dá Amos kò kó kúrò ní Barnfield, kò sì sí ẹni tí wọ́n tún fipá mú dá wọlé ní ọ́fíìsì yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ síbẹ̀. Àwọn tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ jàǹfààní rẹ̀.

Kí ni a pàdánù? Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ìjókòó àwọn àgbà. Ó jókòó sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò lọ mọ́. N kò tún rí i nínú aṣọ funfun. Iṣẹ́ ìfọṣọ yẹn náà, ẹlòmíràn ni wọ́n fún.

Gbèsè tèmi ṣì wà nílẹ̀. Mo ní ọjọ́ púpọ̀ láti fi pè é sí kọ̀rọ̀ kí n sì bi í léèrè. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwé náà mọ́, mo sì fẹ́ràn ìwé tó bá mọ́. Níwájú ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún jù láyé ni mo wá fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan láti tọrọ àforíjì. Ó gbé àga fún mi, ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ, a jẹun tán kí ó tó dá mi lóhùn.

"Auntie Tíṣà, oore lẹ ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe irú ẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ènìyàn lọ sí ọ́fíìsì lónìí, tí ẹ ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, tí ẹ ń kó èrò jọ nítorí wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó kọ́ ènìyàn ní ohun tí yóò sọ, ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ bi í léèrè ẹni tí ó ń bẹ̀rù. Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.