Ibi Tí Bàbá Ọ̀pá Dúró Sí

Iṣẹ́ Babáwálé kò ju pé kó dúró lọ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ Ìkirè ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ aṣọ àti ti bíà, àwọn awọnlẹ̀ tó ń la ọ̀nà fún ìjọba ló bá lọ. Wọ́n gbé ọ̀pá gígùn kan fún un, wọ́n fi ọ̀dà pupa àti funfun kùn ún léra léra. Òun ni yóò kọ́kọ́ wọ igbó, yóò gbé ọ̀pá náà nàró. Ọ̀gá á wà lókèèrè lẹ́yìn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á máa fi ojú kan wò ó. Ọ̀gá ń rí i kedere, títí dé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Òun kì í rí ọ̀gá. Ọwọ́ lásán ló ń rí tí wọ́n ń jù sọ́tùn-ún, tí wọ́n ń jù sósì. Bí ọwọ́ bá ti wálẹ̀, wọ́n á gbá èèkàn mọ́ ojú ibẹ̀, ọ̀nà ti gba ibẹ̀ nìyẹn.

Ogún ọdún ló fi ṣe é. Àwọn tí wọ́n jọ háyà yàrá ní Ṣógúnlé sọ ọ́ ní Bàbá Ọ̀pá, wọ́n ní bó bá sùn gan-an, ìnàró ló ń sùn.

Àrìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Àrìnkẹ́ ní òun ò lè máa gbé ilé onílé títí ayé nígbà tí ọkọ òun ń wọn ilẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ni wọ́n bá ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn Ìsọlọ̀, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n ń dúró de sìmẹ́ńtì. Kí sìmẹ́ńtì tó dé, ibà dá Àrìnkẹ́ dùbúlẹ̀, ọjọ́ kẹrin ló lọ. Babáwálé sin ín sáàárín ìpìlẹ̀ yẹn, níbi tí obìnrin náà máa ń sọ pé pálọ̀ òun yóò wà. Kò kọ́lé mọ́. Sọ́ńdè Sọ́ńdè ló ń lọ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀, á ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un, á padà sí yàrá rẹ̀.

Fàósátù ni aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀, opó tó kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Òun ló ń bá a pa koríko ibẹ̀. Kò bi í léèrè rí pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọdún tí owó Údójì jáde, tí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, tí gbogbo èèyàn ń ra rédíò tuntun, ni ìjọba ní títì ńlá yóò gba ẹ̀yìn Ìsọlọ̀ kọjá. Láti ìhà Òṣòdì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n. Lọ́sẹ̀ kejì, Babáwálé wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó sì mọ ibi tí ìlà náà dojú kọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ó wọkọ̀ lọ sí Ìkirè lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ bi ìyá Àrìnkẹ́ bóyá kí wọ́n gbé òkú náà kúrò níbẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀ fún un, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kí wọ́n má hú ọmọ òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé ibẹ̀, ó dúró sórí ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọ̀pá nàró. Ọ̀gá juwọ́. Ọ̀pá náà tẹ̀ sápá kan, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀gá tún juwọ́, ó tún tẹ̀. Àwọn yòókù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọjọ́ ogbó dé, ọ̀pá ti wá ń gbé Bàbá Ọ̀pá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó rìn wá. Àyànníyì lorúkọ rẹ̀, kò dàgbà tó Babáwálé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

“Kí ló dé, Bàbá? Ọ̀pá yín kò tẹ̀ rí.”

“Ìyàwó mi ló wà níbi tí mo dúró sí yìí, ọ̀gá.”

Àyànníyì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣí fìlà. Ó bi í bóyá wọ́n lè gbé e síbòmíràn, Babáwálé sọ ọ̀rọ̀ Ìkirè fún un. Ọ̀gá wo ìlà èèkàn tó wà lẹ́yìn wọn. Ó ní ìwé tí wọ́n ń ya ọ̀nà náà sí kò tíì padà sí ọ́fíìsì, òun ṣì lè yẹ ìlà náà ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà sí ọwọ́ òsì, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì wo ọwọ́ òsì. Ilé Fàósátù ló wà níbẹ̀. Fàósátù fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Èmi ò ní wí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n,” ló sọ. Kò gbójú sókè.

“Bàbá, ẹ dúró síbi tí ẹ bá fẹ́ kí n ti rí yín,” ni Àyànníyì wí, ó bá padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Babáwálé gbé ọ̀pá lọ́wọ́, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ilé ni Àrìnkẹ́ ń fẹ́ ní gbogbo ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá wó ilé ọmọ mẹ́rin nítorí rẹ̀, kí ni òun máa wá sọ fún un ní Sọ́ńdè? Ó padà sí ojú ibẹ̀. Ó gbé ọ̀pá nàró, ọ̀pá náà kò mì. Lókèèrè, ọwọ́ wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbá èèkàn wọlé, ó ń gbá a jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

Nígbà tí katapílà dé, Babáwálé kò lè lọ síbẹ̀. Fàósátù ló lọ dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Títì parí, ọ̀dà dúdú bo gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó lè mọ ibẹ̀ mọ́ àyàfi Babáwálé. Ìṣísẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta láti ojú gọ́tà ńlá, sí ìhà Òṣòdì. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí ọkọ̀ tó pọ̀, á ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, á dúró sétí títì gbọnrangandan. Àwọn awakọ̀ á rò pé ọkọ̀ ló fẹ́ wọ̀, wọ́n á rọra dúró, òun á mi orí, wọ́n á lọ.

Lọ́jọ́ kan Fàósátù gbé àpótí wá fún un, ó ní kó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe irin. Babáwálé dúpẹ́, kò jókòó. Ó ní títì ti wà láàárín àwọn báyìí, bí òun bá jókòó, Àrìnkẹ́ kò ní rí òun.