Omi Abọ́ Níbi Àlùwàlá

Kí ìyá ọkọ mi tó gbà láti wá bá wa gbé ní Adéwọlé, ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lo bàtà tán lójú ọ̀nà Gàmbàrí. Ẹsẹ̀ ti ń dun ìyá, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú agboolé sì ti ń tán lọ. Nígbà tó dé, ọkọ mi ṣe ibi àlùwàlá fún un lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó tẹ́ sìmẹ́ǹtì síbẹ̀, ó gbé àpótí ìjókòó sí i, ó sì ri páìpù kékeré kan mọ́lẹ̀ tó ń gbé omi lọ sínú sọ́kàwéè. Ọkọ mi ti jáde láyé báyìí. Èmi nìkan ló kù tí mo mọ ibi tí páìpù yẹn gbà.

Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́ ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, ló bá fún un ní ẹ̀rọ tí ń fọ abọ́. Púlọ́ńbà tó wá so ó kò rí irú ẹ̀ rí. Síbẹ̀, ó fa omi sí i, ó fa iná sí i, ó wá ku ibi tí omi ìdọ̀tí yóò gbà jáde. Ọkọ mi ní kí la tún ń gbẹ́ ilẹ̀ fún, ṣebí páìpù àlùwàlá nìyẹn nítòsí, omi ṣáà ni omi. Wọ́n lu ògiri, wọ́n ti rọ́bà ẹ̀rọ náà bọ inú páìpù yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ìyá jókòó ti búútà rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá ìrun Àláásárì. Ó ti fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún tán. Ẹ̀rọ da omi rẹ̀ sílẹ̀, páìpù kékeré yẹn kò gbà á, omi náà bá gba ihò ibi àlùwàlá yọ jáde, tòun ti ọṣẹ tó ń hó àti èérún ilá. Ó bo ẹsẹ̀ ìyá. Ìyá dìde, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ilé aáfà ni wọ́n ti bí ọkọ mi, ó sì ka kéú dáadáa. Ó lóṣòó níwájú ìyá rẹ̀.

“Ìyá, omi ọbẹ̀ kì í ṣe nàjíìsì. Kì í ba àlùwàlá jẹ́.”

Ìyá kò gbójú sókè. “Èmi ni mo mú ọ lọ sí ilé kéú, má fi kéú dá mi lóhùn. Ṣé ọbẹ̀ ilá àná ni kí n gbé sẹ́sẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo bá wọ ilé ìdáná lọ.

Ó ní òun á ránṣẹ́ sí àbúrò òun kó wá gbé òun padà sí Gàmbàrí lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò sí ẹni tí yóò pọn omi fún un níbẹ̀ mọ́. Bó bá ṣubú nínú yàrá, ta ni yóò gbọ́? Ọkọ mi kò lè jẹun.

Ó pe púlọ́ńbà padà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé omi àlùwàlá náà ti ń ṣàn wọ inú ẹ̀rọ, torí pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni rọ́bà náà sùn sí. Wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó ti wọ páìpù àlùwàlá. Wọ́n fi rọ́bà náà kọ́ sókè, ó ga tó ẹnu síǹkì, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sínú páìpù ńlá tirẹ̀. Wọ́n tẹ páìpù náà kọrọdọ nísàlẹ̀ kí omi díẹ̀ máa dúró níbẹ̀, kí òórùn má baà padà wọlé, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ fún un títí dé sọ́kàwéè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò ìyá dé, ó jókòó ní pálọ̀. Ọkọ mi bẹ ìyá pé kó ṣáà ṣe àlùwàlá kan kó tó lọ. Mo tan ẹ̀rọ. Ìyá dúró, ó di búútà mú, ó ń wo ihò. Ẹ̀rọ kùn, a gbọ́ bí omi ṣe ń ya nínú páìpù lẹ́yìn ògiri. Ihò kò pọ nǹkan kan.

Ó jókòó, ó rọra ṣe àlùwàlá rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè sí àbúrò rẹ̀ ní pálọ̀.

“Ìwọ máa lọ. Sọ fún wọn ní Gàmbàrí kí wọ́n máa kó iṣu sí yàrá mi.”