Ọta Kan Tí Kò Ní Ẹ̀tù Nínú

Ọdún tí mo gbé ní yàrá abẹ́ ilé ní Glenn Dale nílùú òyìnbó, iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe. Lọ́sàn-án, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Hillcrest Heights. Tí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ń bá onílé mi di ọta ìbọn. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì méjì tí mo gbé wá láti Ìbàdàn wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sinmi. Èmi ni mi ò rí sinmi.

Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pe onílé náà. Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó àgbàlagbà kan tí wọ́n máa ń fi ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ ta àmì ní Sátidé. Ihò ọta mẹ́fà ló wà lára ìbọn náà, ẹ̀tù dúdú ló sì ń jẹ, bíi ṣakabùlà. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún wọn pé ọdẹ paraku ni bàbá òun. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá rẹ̀. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló sọ fún mi pé ẹran ìgbẹ́ kan ṣoṣo tí bàbá náà pa láyé, mọ́tò ló fi gbá a.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà fi ń yangàn ni pé wọn kì í ra ọta. Wọ́n ń dì í fúnra wọn, bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń dì í nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wọn. Nídìí tábìlì ìjẹun, èmi a wé bébà sìgá mọ́ igi tín-ínrín kan, màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, màá fa igi yọ. Ẹ̀gbọ́n a fi ìwọ̀n idẹ bu ẹ̀tù sínú rẹ̀, a tì í padà sí mi, èmi a sì lẹ bọ́ọ̀lù òjé mọ́ ẹnu rẹ̀. Mẹ́fà mẹ́fà là ń tò wọ́n sínú páálí.

Ojú Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ó ń fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀, àti fún ẹgbẹ́ ní pàtàkì, torí wọn ò ní jẹ́ kí ẹni tí kò ríran fọwọ́ kan ìbọn. Èmi mọ̀, torí èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún un nígbà tó bá ní òun gbàgbé jígí òun sókè. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un pé ẹ̀tù ń dà sórí tábìlì. Ó wo apá ibi tó rò pé mo wà.

"Àbúrò, ta ló ń kọ́ ta?"

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré là ń sọ irú rẹ̀ fún àgbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, ó ń sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe dojú kọ ẹfọ̀n nínú igbó. Ó gbé ìwọ̀n, ó dà á, ó ti bébà sí mi. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo ẹ̀tù náà dà sí. Bébà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti gbé arúgbó mẹ́rin dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo rò ó pé bí ìbọn kò bá dún, ìtìjú díẹ̀ ni, ìtìjú kì í sì í pa èèyàn. Mo lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, mo tò ó sí páálí, mo fi àkísà nu tábìlì. Ẹfọ̀n ṣì ń sá bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní pápá. Wọ́n wọ aṣọ ogun oníbọ́tìnnì idẹ, àwọn tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lápò wọn, gbogbo wọn sì ń yìnbọn lọ́wọ́ kan náà. Ìbọn Ẹ̀gbọ́n dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ta pó, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Kò gbọ́, ó ti fi ìdérí dí etí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí olórí ẹgbẹ́ ti sọ lójú mi rí: ọta tí kò ní ẹ̀tù lè há sínú ọ̀pá ìbọn, bí wọ́n bá sì yin òmíràn tẹ̀ lé e, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ẹni náà lọ́wọ́.

Ó ti ń fa òòlù ìbọn sẹ́yìn. Mo pariwo, kò gbọ́. Mo gbá apá àgbà mú níwájú òyìnbó mẹ́wàá, mo sì ṣí ìdérí kúrò ní etí rẹ̀ kan.

"Ẹ má yìn ín, sà. Ọta ti há."

Ìbọn gbogbo dákẹ́. Olórí ẹgbẹ́ ti irin bọ ọ̀pá ìbọn. Kò wọlé dé ìdajì. Ó béèrè ẹni tó dì í. Mo ní èmi ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Ẹ̀gbọ́n ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

"Kì í ṣe òun," ó sọ fún ọkùnrin náà. "Èmi ni mo bu ẹ̀tù. Mi ò ríran dáadáa mọ́."

Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ìkókó.

Nídìí mọ́tò, ó bi mí bóyá mo mọ̀ láti àná. Mo ní mo mọ̀.

"O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má kọ́ yín, sà."

Ó na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí mi, èmi ni mo wà wá délé.

Ní Mọ́ńdè, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dúró níta. Mo bá a wọlé.