Ọjọ́ Tí Sitabiláísà Bàbá Mi Rú Èéfín

Ọjọ́ Sátidé kan nígbà òtútù tó kọjá, nílé wa ní Midrand nílẹ̀ òkèèrè, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi ra hítà tuntun wálé, wọ́n fẹ́ so ó mọ́ sitabiláísà tí wọ́n gbé wá láti Èkó. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé iná ìlú kankan.

Mo wo ara hítà: fóltì 230, ámpù 10. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìṣirò iná ní kíláàsì ni. Mo fi ámpù pín fóltì, ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ óòmù 23. Mo wá fi ámpù lọ́po fóltì: wáàtì 2300! Wáàtì 1000 péré ni sitabiláísà lè gbé.

Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kò lè gbé e."

"Kí lo mọ̀? Ọdún mẹ́wàá ló fi gbé fíríìjì l'Ékòó!"

Wọ́n tan án. Kò pẹ́ tí èéfín dúdú fi rú lára sitabiláísà, tí iná ń ta pàrà. Màmá mi ki ike omi mọ́lẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má da omi sí i!"

Mo sáré pa iná gbogbo ilé. Sitabiláísà náà dákẹ́.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Eish. Mú ìwé tí o fi kọ́ ìṣirò yẹn wá, kí n rí i."

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í ra nǹkan oníná láìbi mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Sandton: "Ámpù mẹ́sàn-án ni kẹ́túlù yìí. Ṣé kí n rà á?"

"Ẹ rà á, Dádì. Ojú iná ara ògiri la máa so ó mọ́ tààrà, kò ní sí sitabiláísà láàárín."