Ìbọn Páìpù Tó Pa Tíṣà Keziah

Ọjọ́ Tusidé tó kọjá la sin Tíṣà Keziah Ọláfimíhàn sí Inísà. Àfọ́kù irin ìbọn tó bú ní pápá Òkukù ló bà wọ́n lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ Ààbò Oko, tó ra ìbọn ọ̀hún fún àwọn ẹ̀ṣọ́, ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni Ọlọ́run di alágbẹ̀dẹ tó ń fi páìpù omi rọ ìbọn?

Físíìsì ni Tíṣà kọ́ wa. Ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìkìrun ni wọ́n, ìtàn ìbọn ni wọ́n sì fi ń là wá lójú. "Kì í ṣe iná ló ń ti ọta," wọ́n á ní. "Ẹ̀tù á jó, á di gáàsì, gáàsì á máa wá ọ̀nà àbáyọ." Wọn á mú wa láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó kọ́kọ́ po ẹ̀tù dúdú, dé orí ṣakabùlà tí wọ́n yìn nígbà ogun Jálumi ní Ìkìrun wa níbí, títí kan ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, tí òyìnbó ṣe lẹ́yìn náà. "Bí ẹ̀tù ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni irin gbọ́dọ̀ máa le sí i. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn ń gbẹ́ sàréè."

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ ki ẹ̀tù tí kì í rú èéfín yẹn sínú ìbọn páìpù, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n kọ. Kò sí èsì. Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá kan rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ lọ máa gbé ọmọ-ọmọ jó."

Tíṣà ní, "Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Gáàsì ò tíì fẹ̀yìn tì."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ àwọn ìbọn náà, Tíṣà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù. Tímótì, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n yàn láti yin ìbọn àkọ́kọ́, ọmọ kíláàsì wa ni. Ìka méjì péré ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ báyìí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti bá mi sọ̀rọ̀: "Àwọn ọ̀gá ń wò mí. Mo gbọ́ tí Tíṣà ké pé, 'Tímótì, sọ ọ́ kalẹ̀!' Tíṣà ń sáré bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ìka mi ti fà á."

Jíìpù mẹ́fà ló wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Ọ̀kadà ló gbé Tíṣà. Wọn ò tíì dé ilé ìwòsàn ní Ìkìrun tí ẹ̀mí fi bọ́.

Nínú ìwé ìbánikẹ́dùn tí ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́, wọ́n pe Tíṣà ní "òǹwòran kan." Òǹwòran! Ẹni tó rí ikú lókèèrè, tó pariwo títí ohùn fi há, òun lẹ pè ní òǹwòran? Ta wá ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lábẹ́ kánópì?

N ò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi orúkọ Tíṣà sọ òpópónà. Ta ló fọwọ́ sí ríra ìbọn náà? Ta ló dán an wò? Ta ló gba lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó tì wọ́n sínú dúrọ́ọ̀? Kí onítọ̀hún jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kó wá ṣàlàyé níwájú adájọ́.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀: ìbọn mọ́kàndínlógójì irú rẹ̀ ṣì wà léjìká àwọn ọkùnrin tó wọ igbó Ìbà láàárọ̀ yìí. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn lónìí.