Ọwọ́ Ó-Ku-Méjì

Ní jíìmù tó wà lókè ilé ìtajà bàtà yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe kóòṣì lórúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Ó-Ku-Méjì ni gbogbo wọn ń pè é. Tó o bá rí i níbi tó ti dúró lórí ẹni tó ń gbé irin, wàá mọ ìdí ẹ̀. Á ka ení, á ka èjì, á kà á dé ẹ̀jọ, á wá tẹ orí sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí: "Ó ku méjì." Ẹni yẹn á gbé méjì. "Ó ku méjì." Á tún gbé méjì. "Ó ku méjì, ọ̀gá mi, méjì péré." Méjì ọ̀hún kì í tán. Ọkùnrin kan tó ń ta táyà, tó ga bí òpó iná, tó sì máa ń ṣe hìn-ìn hìn-ìn bí ẹni tó ń rọbí tó bá ti gbé irin, òun ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Ó ní lọ́jọ́ tí ikú bá wá mú Kóòṣì, ikú á dúró títí á fi rẹ̀ ẹ́, torí á ṣì ku méjì.

Kóòṣì ò bínú sí i. Irọ́ tó ń mú apá le ni, ta ni irú irọ́ bẹ́ẹ̀ pa lára rí? Àwọn tó ń sáré lórí ẹ̀rọ gan-an, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sá ni? Wọ́n to ẹ̀rọ wọn kọjú sí fèrèsé, ilé ìfowópamọ́ tó wà lódìkejì títì ni wọ́n ń wò. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń sáré lọ síbẹ̀, ẹnì kankan ò tíì débẹ̀.

Àmọ́ ó ní irọ́ kejì, tí kì í ti ẹnu jáde. Ọwọ́ ló fi ń pa á. Tí irin bá fẹ́ há mọ́ èèyàn láyà, Kóòṣì á rọra ki ìka bọ abẹ́ irin, á gbé e sókè díẹ̀, á sì máa sọ pé, "Ìwọ ni, ìwọ ni, mi ò fọwọ́ kàn án." Ẹni yẹn á dìde níbẹ̀, á wo ara ẹ̀ nínú dígí, á máa rò pé kìnnìún lòun. Kò sí kóòṣì tí kì í ṣe é. Ọwọ́ Ó-Ku-Méjì ti wá mọ iṣẹ́ yìí débi pé kì í tún bi í léèrè mọ́ kó tó lọ.

Báyìí ló ṣe ń lọ títí Màmá Tíṣà fi dé.

Ìyá kúkurú kan ni, ó mú ọ̀pá dání. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, títí dòní, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ ọ́ sójú pátákó: á sọ díẹ̀, á dúró, á wò ẹ́ bóyá o ti kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó sọ ìyókù. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ mú ọmọrí ìkòkò ní kíṣìnnì ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ó ṣubú. Eegun kankan ò ṣẹ́. Dídìde ni kò lè dìde. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán ló fi wà nílẹ̀ níbẹ̀, tó ń wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó ti rí ṣíbí kan tó ti fi ẹ̀sùn ẹ̀ kan aládùúgbò láti ọdún mẹ́fà. Aládùúgbò yẹn náà ló sì wá gbé e dìde.

Láti ọjọ́ yẹn ni àkọ́bí ẹ̀, tó ń ya àwòrán ilé ní ìlú mìíràn, ti ń pè é lórí fóònù láràárọ̀. Ó máa ń sọ ọ́ ní wẹ́wẹ́, kó sì pariwo: "Màmi. Ẹ. Wá. Máa. Gbé. Lọ́dọ̀. Wa." Màmá á ní orókún ló ń dun òun, kì í ṣe etí. Kò fẹ́ lọ. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ nílé ọmọ yẹn, kálukú á gba ibi iṣẹ́ lọ, á wá ku òun àti tẹlifíṣọ̀n. Nílé tiẹ̀, ó mọ ẹ̀rọ omi tó ń jò, ó mọ igbá fèrèsé tó máa ń há, kò sì sí àárọ̀ kan tí onírun funfun kan tó kọ́ ní kékeré ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Màmá Tíṣà." Ìyá àti ọmọ wá jọ ṣàdéhùn. Tí oṣù méjì bá kọjá, ọmọ máa wá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Màmá á dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níṣojú ẹ̀, á sì dìde, ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá dìde, ọ̀rọ̀ tán. Tí kò bá dìde, á di ẹrù ẹ̀.

Ohun tó gbé e wá sí jíìmù nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Kóòṣì ní kó máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó máa dìde. Nígbà tó kà á dé ẹ̀jọ, ó ní ó ku méjì. Màmá ṣe méjì. Kóòṣì tún ní ó ku méjì. Màmá jókòó, ó wò ó.

"Kóòṣì, méjì kù, mo ti ṣe méjì. Kí ló kù?"

Kóòṣì ní òdo.

"Ó dáa. Jókòó."

Kóòṣì jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò purọ́ òǹkà fún Màmá mọ́, ó sì gbà pé lọ́dọ̀ obìnrin yìí, olóòótọ́ lòun.

Oṣù méjì ni wọ́n fi ṣe é, ọjọ́ Tuesday àti Friday, laago mẹ́wàá àárọ̀ tí jíìmù máa ń dákẹ́. Kóòṣì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ látorí ìdùbúlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ àti eékún kúnlẹ̀ bí ọmọ tó ń rá, bí wọ́n ṣe ń di bẹ́ǹṣì mú, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú, kí wọ́n wá ti ilẹ̀. Tó bá ti kan títi ilẹ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀tún Kóòṣì á ti wà lábẹ́ ìgúnpá Màmá, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin. "Ẹ̀yin ni, Màmá, ẹ̀yin ni." Màmá á dìde. Kóòṣì á mú káàdì, á kọ ọ́ síbẹ̀: dìde nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Màmá á délé, á pe ọmọ ẹ̀, á ní òun ti ń dìde bí ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ní Tuesday kan, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Sátidé ọ̀hún pé. Láàárọ̀ kùtù, Kóòṣì ń lọ ẹ̀wù iṣẹ́ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ pè é láti yàrá, ó yíjú sọ́hùn-ún, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé áyọ́ọ̀nù. Ìyàwó ẹ̀ fi báńdéèjì wé ọwọ́ náà títí ó fi dà bí ti abẹ̀ṣẹ́ kù bí òjò. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán kó tó kí i pé pẹ̀lẹ́.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Màmá dùbúlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó yí, ó kúnlẹ̀, ó di bẹ́ǹṣì mú, ó gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó ti ilẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Kóòṣì wà láyà ara ẹ̀, kò lè lọ síbì kankan. Ìdí Màmá gbéra díẹ̀, ó sì padà sílẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó tún padà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bẹ́ǹṣì ké, ṣùgbọ́n Màmá ò gbéra rárá. Ó jókòó sílẹ̀, ó tún ìborí ẹ̀ ṣe. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó wá wo ìgúnpá ara ẹ̀.

"Kóòṣì," ohùn ẹ̀ ò le rárá, "ta ló ti ń dìde láti oṣù méjì?"

Ìdáhùn kún ẹnu Kóòṣì. Òtútù àárọ̀ ni. Oúnjẹ àná ni. Bẹ́ǹṣì yìí ń yọ̀. Ó ti la ẹnu tán kó tó rí káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé òun fúnra ẹ̀: ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

"Àwa méjèèjì ni, Màmá. Ó sì jọ pé tèmi pọ̀."

"Ó pọ̀ tó mélòó?"

"Mi ò mọ̀."

"Ìyẹn ló burú. Ká ní o mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá yọ ọ́ kúrò."

Kò bínú lọ. Ó ní kó mú káàdì wá, kó fagi lé gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Kóòṣì fi ọwọ́ òsì fagi lé e mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dá ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn." Bàbá ọlọ́mọ méjì, tòun ti irùngbọ̀n, ó dá ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé. Ọlọ́táyà gbé irin sílẹ̀ kó lè wòran dáadáa.

Láti ọjọ́ kejì, ojoojúmọ́ ni Màmá ń wá. Kóòṣì kó ẹní rọ́bà mẹ́jọ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìka méjì, kí ilẹ̀ lè ga sókè wá pàdé Màmá. Orí ẹ̀ ló ti ń dìde, Kóòṣì á sì máa yọ ẹní kan kúrò lójúmọ́. Mánéjà, tó máa ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ò tán lára ẹ̀ rí, dúró lórí wọn, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀dì ni Kóòṣì fẹ́ máa tà níbí ni, àti pé dídá ọwọ́ sẹ́yìn yẹn ò dáa, àwọn oníbàárà á rò pé ó ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má jí irin. Kóòṣì ní ẹ má bínú, sà. Kò tú ọwọ́ sílẹ̀.

Ẹní méje, mẹ́fà, márùn-ún. Sunday, wọ́n sinmi. Mẹ́rin, mẹ́ta. Ní Wednesday, Màmá dìde lórí ẹní méjì, tìpátìkúùkù. Thursday, wọ́n yọ ọ̀kan, kò lè dìde. Friday, kò lè dìde. Orí ẹní méjì ló mọ: ó ku méjì, kò sì tán.

"Ṣé màá dìde lọ́la?"

Ká ní oṣù tó kọjá ni, Kóòṣì ì bá ti ní ẹ ti dìde tán, Màmá. Ó wo ìka ẹ̀.

"Mi ò mọ̀. Lórí ẹní méjì, ẹ ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lórí ẹyọ kan, ẹ ò tíì dìde rí."

Màmá mi orí. Ó ní ìdáhùn nìyẹn, ó sì mú ọ̀pá ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Kóòṣì tú báńdéèjì. Awọ tuntun ti bò ó. Níbi tó ti ń bá ìyàwó ẹ̀ nu abọ́, ó ní tí òun bá dúró sọ́wọ́ fèrèsé lọ́la, ọmọ Màmá ò ní rí ìka òun. Ìka méjì péré. Ìyàwó ẹ̀ ò tiẹ̀ wojú ẹ̀.

"Ọjọ́ tó bá tún ṣubú, ṣé ìwọ àti ìka méjì yẹn lẹ máa wà ní kíṣìnnì ẹ̀?"

Kóòṣì nu abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kejì, àkọ́bí bá Màmá àti Kóòṣì nílé Màmá, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, bàtà ẹ̀ ń ké kíwì-kíwì. Páálí òfìfo wà lẹ́yìn mọ́tò ẹ̀, ó ti kó wọn wá. Ó kí Kóòṣì dáadáa, ó jókòó sí pálọ̀ níbi tí á ti rí gbogbo ẹ̀. Kóòṣì lọ dúró sọ́wọ́ ilẹ̀kùn, ó jìnnà sí fèrèsé. Màmá gbé àga kíṣìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán.

Ó yí, ó kúnlẹ̀, ó di àga mú, ó ti ilẹ̀. Ó padà sílẹ̀.

Ọmọ ti dìde. Ó ti na ọwọ́. "Màmi, ó ti tó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," Kóòṣì rọra sọ ọ́, "ẹ dá ọwọ́ sẹ́yìn."

Ọkùnrin yẹn ti jókòó ní kíláàsì ìyá ẹ̀ rí fún odindi ọdún kan. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì wá dúró báyẹn bí apẹ́lẹ́yìn.

Màmá sinmi. Ó mí. Ó tún ti ilẹ̀. Ìdí ẹ̀ gbéra, ó gòkè, ó dé ibi tó máa ń padà, ó dúró síbẹ̀. Kò lọ, kò bọ̀. Lẹ́yìn Kóòṣì, ìka ń jó. Ó fi ọwọ́ òsì di àtàǹpàkò ọ̀tún mú gírígírí.

Màmá ò yíjú padà. "Kóòṣì, kí ló kù?"

Ó wo orókún ẹ̀, ó wo ìbàdí, ó wò ó dáadáa kó tó dáhùn.

"Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni, Màmá. Ẹyọ kan."

Màmá wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ó wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa àga wúwo láti yàrá kan sí òmíràn, títí tó fi bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ó nàró. Ó di àga mú, ó mí títí èémí ẹ̀ fi rọlẹ̀, ó tún ìborí ẹ̀ ṣe.

"Ẹ lè sọ ọwọ́ sílẹ̀," ó sọ fún àwọn méjèèjì.

Ọmọ bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó sì gbé e wọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní kí àga kọ̀ọ̀kan máa wà ní gbogbo yàrá. Màmá ní ọ̀kan ti tó. Wọ́n dúnàá-dúrà á dé méjì. Páálí bá ọ̀nà tó gbà wá padà lọ.

Ní Monday, Ọlọ́táyà dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin, hìn-ìn, hìn-ìn. Kóòṣì kà á dé ẹ̀jọ, ó ní ó ku méjì. Ọlọ́táyà gbé méjì, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kóòṣì ò fọwọ́ kàn án àfìgbà tó fẹ́ dá irin padà sórí ìkọ́. Ọlọ́táyà wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí ìyókù.

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Ṣé ara ẹ yá ṣá?" Ó ronú díẹ̀. "Èyí tí mo ń gbé láti ọdún tó kọjá ńkọ́?"

Kóòṣì ní àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé e. Ọlọ́táyà wo dígí fúngbà díẹ̀. Ó dìde, ó yọ irin kan lápá ọ̀tún, ó yọ kan lápá òsì, ó tún dùbúlẹ̀.

"Ó yá," ó ní, "máa kà á."